Ẹja Tó Jóná ní Pópó Àgùdà

Ọ̀rọ̀ ẹja ló bọ́ lẹ́nu Christabel. Ìbíyínká tó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè sì dúró gbagidi, ó di ara ògiri mú bí ẹni tí òòyì kọ́.

Christabel yìí ló ń gbé ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí Bàbá Adolphus jogún ní Pópó Àgùdà. Obìnrin náà kì í kí èèyàn kó má fi ẹ̀sùn kan ti ìkíni lẹ́yìn. Ó kí Ìbíyínká kú ọdún Àjíǹde, ó ní ọdún dùn, àmọ́ kọ́tìnnì òun ni kò gbádùn ọdún, torí òórùn ẹja tó jóná lókè lọ́jọ́ Sátidé ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun fọ̀ ọ́, òun tún un fọ̀, kò gbọ́.

"Ẹja wo ló jóná, Àǹtí?"

"Ẹja tí ìyá alásè yẹn ń dín. Ẹ̀yin ò tíì dé nígbà yẹn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun Alásárì ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tọ̀ mí wá. Gbogbo wíńdò ni mo tì."

Ìbíyínká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gòkè, kò sì sọ̀kalẹ̀, ó kàn jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹní mowó. Àwọn gbájúẹ̀ tó ń jẹ orúkọ mẹ́ta-mẹ́ta ti jẹ́wọ́ níwájú rẹ̀. Àmọ́ bí ẹja yẹn bá jóná lóòótọ́, a jẹ́ pé òtítọ́ ni Ìyá Mùs'áb, alásè náà, sọ. Bí Ìyá Mùs'áb bá sì sọ òtítọ́, a jẹ́ pé òun Ìbíyínká ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́ nínú oṣù ààwẹ̀. Ojú tì í, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ìtàn tí a kò bá ti ìdí rẹ̀ mú, orí kodò ló máa dúró.

Ẹgbẹ́ kan wà tó ń pàdé ní pálọ̀ Bàbá Adolphus, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n tọ́ wáìnì wò lọ. Ẹ má rò pé olówó ni wọ́n o. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ìgò tí iye rẹ̀ bá ju ti adìẹ méjì lọ kò gbọdọ̀ wọlé. Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń wé àwọn ìgò náà kí orúkọ tó wà lára wọn má baà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ mu ún lásán, wọ́n á tún fi oúnjẹ Èkó tì í, wọ́n á wá sọ èyí tó bá oúnjẹ rẹ́. Bàbá Adolphus lolórí wọn. Inú ọkọ̀ òkun ló ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣiṣẹ́, níbi tó ti ń gbé ọtí fún àwọn èrò inú ọkọ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní ìtọ́wò. Òun ló kọ́ gbogbo wọn pé wáìnì tó bá kan díẹ̀ ló ń gé òróró ẹja díndín, pé tí oúnjẹ bá dùn ju wáìnì lọ, wáìnì á di omi oróńbó lẹ́nu. Ohun tí Bàbá bá ti sọ, abẹ gé e. Ó tún jẹ́ bàbá ìsàmì Ìbíyínká, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́; Bàbá ló gbé e lọ́wọ́ níwájú omi ìrìbọmi.

Kọ́lá ló ń kó wáìnì wá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Igbosere, níbi tí àwọn lọ́yà ti ń yà tí wọ́n bá ti kúrò ní kóòtù. Ìgò tí Bàbá bá yìn, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni Kọ́lá ń tò ó sí.

Alásè wọn ni Hàwáwù, Ìyá Mùs'áb, ará Ìsàlẹ̀ Èkó, mùsùlùmí òdodo. Àdéhùn tiwọn kedere: á sè, á sì gbé e sílẹ̀, kò ní fọwọ́ kan ìgò, kò ní fọ ife. Ìyẹn ò dí ìfẹ́ lọ́wọ́, torí kò sẹ́ni tó ń se fùrẹ́jọ̀n bí tirẹ̀ ní gbogbo Pópó Àgùdà, títí kan àwọn tí bàbá ńlá wọn gbé e ti Brazil bọ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi wàrà àgbọn àti ṣúgà sè, tí kànáfùrù ń ta sánsán nínú rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ẹja jẹ ní Gúúdù Fúráìdè. Bàbá kì í fi ọtí kan ẹnu lọ́jọ́ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sún ìtọ́wò sí Sátidé. Lọ́dún yìí, Lẹ́ńtì àti Ràmàdáánì jọ wọ ara wọn, ìyá alásè wà lẹ́nu ààwẹ̀, kò lè tọ́ ohun tó sè wò. Bàbá ló ń bá a tọ́ ọ. "Bàbá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò," á na ṣíbí sí i, Bàbá á sì sọ bóyá iyọ̀ tó tàbí ṣúgà ló kù.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, Bàbá ló ṣí àwọn ìgò lọ́sàn-án, ó sì tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò gẹ́gẹ́ bí onílé ti máa ń ṣe. Nígbà tí àwọn èèyàn pé, ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Ìgò kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó kan ìgò kejì. Francis, akọ̀wé kóòtù, tí kì í tọ́ nǹkan wò bí kò ṣe pé kó gbé e mì, gbé e mì. Ó sì ní ọgbẹ́ inú. Kí wọ́n tó sọ pé kí ló dé, ó ti ń bì, wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù. Àwọn tó kù gbé ife símú, wọ́n tún gbé e kúrò. Fáìnẹ́gà ni.

Ohun tí Ìbíyínká kọ́kọ́ rò ni ẹ̀kọ́ Bàbá, pé adùn fùrẹ́jọ̀n ló mú kí wáìnì kan. Àmọ́ Francis kò tíì fi nǹkan kan ẹnu nígbà tó mu ún. Nígbà tí wọ́n sì tọ́ fùrẹ́jọ̀n náà wò, ẹnu gbogbo wọn bà jẹ́: iyọ̀ ló wà níbi tó yẹ kí ṣúgà wà.

Kọ́lá fárígá, ó ní ọ̀tá ló fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù òun pa, ó gbé ọ̀rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n fà á lé Ìbíyínká lọ́wọ́. Èèyàn méjì péré ló wà lókè láàárín ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò àti ìgbà tí àlejò dé. Bàbá ní òun lọ wẹ̀ lẹ́yìn tí òun ṣí i tán, lẹ́yìn náà ni òun jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, òun kẹ́yìn sí iná, títí àwọn àlejò fi kí òun kú ilé. Ìyá Mùs'áb ní kíṣìnnì ni òun wà, àfi ìgbà tí òun gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ kírun nísàlẹ̀, tí ẹja jóná lẹ́yìn òun, tí òun sì dín òmíràn. Ní ti iyọ̀, ó ní agolo méjèèjì jọra wọn, òun lè ti ṣì í mú, àmọ́ Bàbá bá òun tọ́ ọ wò, Bàbá ní ó dùn.

Ìbíyínká bi Bàbá léèrè. Bàbá ní òun tọ́ ọ wò lóòótọ́, ó sì dùn nígbà yẹn. Ní ti ẹja, ó ní kò sí ẹja kankan tó jóná. "Mo jókòó ti ẹnu ọ̀nà, Yínká. Bó bá jóná, ṣé n kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ ni?"

Ìyẹn ló parí ẹ̀. Ìgò fáìnẹ́gà tí ìyá náà fi fọ ẹja wà lórí tábìlì, ó ti lọ sí ìdajì. Ìbíyínká rò ó lọ, ó rò ó bọ̀: wáìnì dára nígbà tí Bàbá tọ́ ọ, fùrẹ́jọ̀n dùn nígbà tí Bàbá tọ́ ọ, méjèèjì wá bà jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá purọ́ nítorí ẹja á purọ́ nítorí ìgò. Ó tún rántí pé obìnrin náà ti sọ rí pé kò wu òun láti máa dáná nílé ọtí nínú oṣù mímọ́. Ó pè é sí àgọ́, ó jókòó kọjú sí i, ó wá sọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu lọ́jọ́ náà.

"Ẹ ń gbààwẹ̀, Ìyá Mùs'áb, ẹ sì ń purọ́."

Obìnrin náà fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n ní kó máa lọ sílé ná, kó má kúrò nílùú. Ẹ sì mọ ẹnu ayé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ń sọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó pé wọ́n bá wáìnì lọ́wọ́ Hàwáwù nínú Ràmàdáánì. Àwọn mọ́sálásí tó gbé iṣẹ́ oúnjẹ ìṣínu fún un gba iṣẹ́ náà padà. Ẹni tó ń fi ìkòkò bọ́ ọmọ, tí wọ́n bá ti ní ọtí kan ọwọ́ rẹ̀, ta ló tún máa jẹ oúnjẹ rẹ̀?

Ìbíyínká dìde lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ó ti mọ ibi tí òkò Christabel máa balẹ̀ sí, ó kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá ń sun oorun ọ̀sán. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni abọ́ tó ń kó kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò sí wà, torí kì í ju ọ̀kankan nù, gègé ìkọ̀wé ló sì fi ń kọ nọ́ńbà sí wọn lórí. Ìbíyínká yọ ti ìgò kìíní, ìdí rẹ̀ nìkan ló pọ́n díẹ̀. Ó yọ ti ìgò kejì. Ó ti rin látìdí dé orí, ó ti dúdú, ó sì ń ta fáìnẹ́gà símú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀. Nǹkan tí wọ́n bá dà sínú ìgò lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i, báwo ló ṣe máa dé ara kọ́ọ̀kì tó ti wà nínú abọ́?

Ó pe Kọ́lá lórí fóònù, ó ní kó má parọ́ fóun, ibo ló to páálí ìgò yẹn sí kó tó gbé e wá. Kọ́lá kọ́kọ́ jágbe, nígbà tó yá ó ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, torí inú ti kún. Ìgò dúró nínú ooru ẹ̀rọ láti ìgbà ọyẹ́, kọ́ọ̀kì gbẹ, afẹ́fẹ́ wọlé, wáìnì kan. Kò sí ọ̀tá níbì kankan, kò sì sí ọwọ́ Ìyá Mùs'áb.

Ó ku ìbéèrè kan ṣoṣo, òun ló sì wúwo jù. Bí wáìnì bá ti kan kí wọ́n tó ṣí i, kí ni Bàbá tọ́ wò tó fi ní ó dára?

Ó lọ sí àgọ́, ó bu díẹ̀ nínú ìgò kejì tó wà lọ́dọ̀ wọn, ó padà. Bàbá ti jí, ó jókòó síwájú fèrèsé pẹ̀lú fìlà kékeré lórí. Ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọkọ. Ìbíyínká da wáìnì náà sínú ife tánganran, ó gbé e fún un.

"Bàbá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Bàbá gba ife. Ó yí i, ó gbé e símú, ó dijú, ó mu díẹ̀, ó sì jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn. Òórùn náà ti gba yàrá, omi ti ń bọ́ lójú Ìbíyínká.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ó mú díẹ̀, àmọ́ ẹja díndín á tù ú lójú."

Ìbíyínká kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. "Bàbá, ìgò kejì nìyẹn."

Bàbá gbé ife náà sílẹ̀. Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kò wo ojú ọmọ náà. Ó ní ibà tó mú òun lákòókò òjò tó kọjá ló gba imú àti ahọ́n lọ́wọ́ òun. Òun kò gbọ́ òórùn nǹkan kan mọ́, adùn sì tẹ̀ lé òórùn. Tí òun bá jẹ ata, òun mọ̀ pé ó ta òun. Tí òun bá mu wáìnì, òun mọ̀ pé ó tutù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ni òun fi ń tọ́ ọ láti ìgbà náà, òun á wo àwọ̀ rẹ̀, òun á gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ sọ, òun á fi tòun kún un.

"Ẹ gbọ́ pé mo pe Ìyá Mùs'áb ní onírọ́, Bàbá."

"Mo gbọ́." Ó bo ojú. "Mo fẹ́ sọ ọ́. Lálaalẹ́ ni mò ń fẹ́ sọ ọ́. Kí ni mo tún jẹ́, Yínká, tí n kò bá jẹ́ ahọ́n mọ́?"

Àánú Bàbá ṣe é, inú sì bí i sí Bàbá, àmọ́ ojú ara rẹ̀ ló tì í jù lọ. Kì í ṣe Bàbá ló jókòó sí àgọ́ lọ́jọ́ náà. Òun ni. Ẹni méjì sọ̀rọ̀, ó gba ti ẹnì kan láìyẹ̀ ẹ́ wò nítorí pé bàbá òun ni, ó sì tú ti ẹnì kejì wò fínnífínní bí aṣọ olè. Ta ní í bi bàbá ìsàmì rẹ̀ bóyá imú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́? Kò sẹ́ni tó ń ṣe é láàárín wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìyá rẹ̀ ló fi òwe yẹn tọ́ ọ, òun náà ló sì fi ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́.

Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀kì fún wọn, pé ìyẹn nìkan ti tó láti dá obìnrin náà láre. Kó jẹ́ kí tòun kú mọ́ òun nínú. Ìbíyínká mú bàtà Bàbá wá, ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé agbolé ọkọ Ìyá Mùs'áb ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ará ilé ti tẹ́ ẹní, wọ́n ń retí kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n ṣínu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, Alhaji Mọ̀núrù, olórí agbolé, jókòó sórí àga pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ìyá Mùs'áb wà nídìí iná. Àwọn ìkòkò ńlá tó fi ń se ti mọ́sálásí ti dojú bolẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ìkòkò kékeré kan ló wà lórí iná, ọbẹ̀ ẹja ti àwọn ará ilé.

Ìbíyínká kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Ó sọ ọ́ kí gbogbo agbolé gbọ́, pé ẹja jóná lóòótọ́, pé wáìnì ti bà jẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ kọ́ọ̀kì jáde, ó fi han Alhaji.

"Ìyá Mùs'áb, ẹ ò purọ́. Èmi ni mo ṣi ẹjọ́ dá. Mo fi ààwẹ̀ yín bú yín, ẹ forí jì mí."

Obìnrin náà ò wò ó. Ó ń ro ọbẹ̀. Alhaji yí kọ́ọ̀kì náà lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fún ojú pọ̀. Ó ní àwọn gbọ́, àwọn sì dúpẹ́ pé ọ̀gá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Àmọ́ nǹkan kan ò tíì yé òun. Bí ọtí náà bá ti ń rùn báyìí látìbẹ̀rẹ̀, Bàbá tó ṣí i tó sì tọ́ ọ wò, kí ló gbọ́ tó fi ní ó dára? Ṣé kì í ṣe pé ọ̀gá kàn ń wá ọ̀nà pa ẹjọ́ rẹ́?

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Adolphus. Bàbá ń wo bàtà rẹ̀. Àwọn obìnrin méjì lórí ẹní ti ń wo ara wọn, irú ìwò tó máa di ọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi tó bá di ọ̀la.

Ìyá Mùs'áb ló dìde nídìí iná. Ó bu ọbẹ̀ díẹ̀ sínú ṣíbí, ó fẹ́ ẹ kó tutù, ó rìn wá síwájú Bàbá, ó na án sí i bó ṣe máa ń ṣe.

"Bàbá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Bóyá ìṣe ọwọ́ ni, bóyá ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ náà ni, èmi ò mọ̀, òun náà ò sì sọ. Bàbá gba ṣíbí. Ó gbé e sẹ́nu. Ó wá ṣí fìlà lórí, ó dì í mú mọ́ àyà.

"N kò mọ̀ ọ́n, Hàwáwù. N kò mọ iyọ̀ mọ́, n kò mọ ṣúgà. N kò gbọ́ òórùn ẹja yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi kò sí lọ́wọ́ rẹ, mo sì dákẹ́."

Alhaji Mọ̀núrù sọ tẹ̀sùbáà kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé àga wá fún Bàbá. Ìyá Mùs'áb gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi omi fọ̀ ọ́, ó tún ọbẹ̀ bù, ó wá dúró lórí Ìbíyínká tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó na án sí i. Kò bẹ̀ ẹ́ pé kó tọ́ ọ wò.

Ìbíyínká tọ́ ọ. Ó mọ ohun tó kù níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó gbójú sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ẹ̀rù ò bà á báyìí rí láti sọ ohun tó mọ̀ níwájú èèyàn.

"Ẹ sọ ọ́," ni Ìyá Mùs'áb wí.

"Ó ku iyọ̀ díẹ̀, mà."

Obìnrin náà padà sídìí iná, ó sì fi iyọ̀ sí i.